Erékùṣù tí Mastura Kò Fẹ́ Lọ

Bí ẹ bá fẹ́ rí bí èèyàn ṣe ń yọ ṣùtì ètè, ẹ bi Mastura ọmọ Ìlọrin léèrè bí erékùṣù Jẹ́bà ti ilẹ̀ Tùnísíà ṣe rí. Kò ní dá yín lóhùn lójú ẹsẹ̀. Á kọ́kọ́ pòṣé, òṣé gígùn kan báyìí tó ń ti ìsàlẹ̀ ọ̀fun bọ̀, lẹ́yìn náà ni á tó sọ pé iyanrìn ni. Iyanrìn àti omi iyọ̀, àti àwọn àgbààgbà tí wọ́n bọ́ra sílẹ̀ tí wọ́n ń yan ara wọn lóòrùn. Ó ní tó bá jẹ́ pé oòrùn ni fàájì, àwọn tó ń to búlọ́ọ̀kù ní Jẹ́dà nílẹ̀ Lárúbáwá ni ì bá máa jayé jù lágbàáyé.

Bùsírátù ọ̀rẹ́ rẹ̀, tó ń din àkàrà tà nínú yàrá kan ní Rùwéìsì létí òkun Jẹ́dà, kò lè gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí kí inú má bí i. Ọdún mẹ́rìndínlógún sẹ́yìn ni Bùsírátù wá sí Háàjì tí kò padà sílé mọ́, kò sì ní ìwé ìgbélùú tí wọ́n ń pè ní ìkáámà. Bó bá rí ọkọ̀ ọlọ́pàá lókèèrè, ọ̀nà mìíràn ló ń gbà. Ó ní wọ́n gbé Mastura gun bàálù, wọ́n fi í sí òtẹ́ẹ̀lì lọ́fẹ̀ẹ́, ó fojú ara rẹ̀ rí Òkun Mẹditaréníà, ó wá jókòó síbí ó ń yọ ṣùtì. "Àìmoore ló ń dà ọ́ láàmú," ló máa ń sọ fún un. Mastura kì í bá a jiyàn, torí Bùsírátù ò sí níbẹ̀ nígbà tí ọjọ́ ń bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ọdún mọ́kànlá ni Mastura ti ń dáná nílé Umm Alaa, ìyẹn ìyá Alaa, ní apá àríwá Jẹ́dà. Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ obìnrin yìí díẹ̀, ẹnu ń yún mi. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Kì í lu èèyàn, owó oṣù kì í sì í pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àmọ́ Ọlọ́run ló mọ ohun tó ń wá kiri. Lọ́dún kan, ó ní ẹní ilẹ̀ Tọ́kì ló kù tí ayé òun á fi gún. Lọ́dún kejì, ó kó gbogbo ilé jọ sórí ẹní náà láràárọ̀, ó ní kí wọ́n máa mí sínú kí wọ́n máa mí síta, àfi bíi pé wọn ò ti ń mí tẹ́lẹ̀. Oúnjẹ tí wọ́n bá ti sọ fún un pé ó ní ìtàn, ó ti fẹ́ràn rẹ̀ kó tó tọ́ ọ wò. Yóò ya fọ́tò rẹ̀, yóò jẹ ṣíbí méjì, Mastura ni yóò kó ìyókù dànù.

Ní gbogbo ọdún mọ́kànlá yẹn, ojú Mastura àti ti ìyá rẹ̀ kò ṣe mẹ́rin. Ìsinmi tó tọ́ sí i lọ́dún méjì méjì, owó ló ń gbà dípò rẹ̀, ó ń fi rán àwọn àbúrò nílé ìwé. Nígbà tó ń lọ, ìyá rẹ̀ sìn ín dé gáréèjì ní Ìlọrin, ó sọ ọ̀rọ̀ kan fún un níbẹ̀. Ó ní òun ti gbọ́ pé àdúrà téèyàn bá ṣe nígbà tí ojú rẹ̀ bá kọ́kọ́ bà lé Káábà kì í padà sílẹ̀ lófo. Ó ní òun ní àdúrà kan nílẹ̀, òun kò sì ní ṣe é fúnra òun. Ọjọ́ tí òun bá dé ibẹ̀, òun á dorí kodò, Mastura ni yóò di òun lọ́wọ́ mú wọlé, ìgbà tó bá sọ pé ó yá ni òun á tó gbójú sókè, àwọn méjèèjì á sì jọ ṣe àdúrà náà papọ̀. Mastura gbà. Ọdún mọ́kànlá ló fi tọ́jú owó Ùmúrà ìyá rẹ̀, ìyẹn ìbẹ̀wò kékeré sí Mẹ́kà, kò sì sí ọjọ́ kan tí kò ro ohun tí yóò tọrọ níṣojú Káábà tí wọ́n bá débẹ̀.

Ìyá yóò dé lọ́jọ́ Ajé, yóò lo ọjọ́ mẹ́wàá ní Mẹ́kà. Mastura ti gba àyè lọ́wọ́ Umm Alaa láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Àfi bí Umm Alaa ṣe dìde lọ́sàn-án ọjọ́ kan tó ní àwọn ń lọ sí Jẹ́bà, erékùṣù kan nílẹ̀ Tùnísíà, òun, Alaa ọmọ rẹ̀ ọmọ ọdún mẹ́fà, àti Mastura tí yóò máa tọ́jú Alaa, tí yóò sì kọ́ oúnjẹ ibẹ̀ kó lè máa sè é nílé. "Ọ̀sẹ̀ kan péré ni," ló wí. "Ọjọ́ Àìkú la ó padà. Ìyá rẹ kò tíì ní dé." Físà ti wà nínú ìwé ìrìn-àjò Mastura kí ó tó gbọ́ nípa rẹ̀. Báwọn olówó ṣe máa ń béèrè nǹkan lọ́wọ́ èèyàn nìyẹn.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbẹ̀ rèé. Láàárọ̀, wọ́n á gba etí òkun lọ. Umm Alaa á wọ aṣọ dúdú kan tó mú un láti orí dé ọrùn ẹsẹ̀, á wọ inú omi dé orúnkún, á dúró. Ó parí. Mastura á dúró lórí iyanrìn pẹ̀lú táwẹ́ẹ̀lì mẹ́ta lápá. Òkun tó wà ní Rùwéìsì kò jìnnà sí ilé wọn ní Jẹ́dà ju ìwọ̀n ìṣẹ́jú ogún lọ, omi inú rẹ̀ náà ní iyọ̀, Umm Alaa ò sì fẹsẹ̀ kàn án rí. Ó ní òkun ti Jẹ́bà ní ọkàn. Mastura wò ó títí, kò rí ọkàn kankan, ó gbọn iyanrìn kúrò lára Alaa.

Lọ́sàn-án, ọjà ló kàn. Àwọn obìnrin erékùṣù náà á fi aṣọ funfun bo ara, wọ́n á wá gbé fìlà koríko lé orí ìbòrí, bí ẹni tó gbé ìdérí lé ìkòkò. Umm Alaa ra mẹ́rin. Níbi tí wọ́n ti ń ta ẹja ní gbàǹjo, ọkùnrin kan jókòó sórí àga gíga bí ọba, ó mú ẹja tí wọ́n fi imọ̀ ọ̀pẹ so lọ́wọ́, ó ń kígbe iye. Àwọn àlejò ń ya fọ́tò rẹ̀. Ẹja náà ò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń fi àlejò mọ̀nà tún ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń pa ẹran omi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ kan: wọ́n á so ìkòkò kéékèèké mọ́ okùn, wọ́n á jù ú sínú òkun, ẹran náà á rò pé ilé lòun rí, á wọlé, á sì máa gbé inú rẹ̀ jẹ́jẹ́ títí tí wọ́n á fi fà á sókè. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Mastura pòṣé, ó ní ẹran tó lọ kọ́ ayé rẹ̀ sínú ìkòkò oníkòkò, kí ló ń retí. Lẹ́yìn náà ló yí ojú kúrò lójijì.

Ti oúnjẹ ló wá pa á lẹ́rìn-ín. Wọ́n fi í sí ilé ìdáná obìnrin kan láti kọ́ ìrẹsì Jẹ́bà. Ẹ̀yin èèyàn mi, wọn ò din ata. Ìrẹsì tútù, ẹ̀fọ́ tútù, ẹran gbígbẹ, wọ́n pò ó pọ̀ nínú abọ́, wọ́n dà á sínú ìkòkò oníhò, wọ́n gbé e sórí omi tó ń hó, wọ́n bá tiwọn lọ. Obìnrin náà ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ tomijé-tomijé, pé ọwọ́ ìyá ìyá òun ni òun ti kọ́ ọ. Mastura mi orí bí ọmọlúàbí. Nínú ọkàn rẹ̀, ó ń sọ pé ó dáa tí ìyá ìyá rẹ ti kú, kò ní sí ẹni tí yóò bi í léèrè ìdí.

Gbogbo èyí ò ṣe nǹkan kan, ó ṣáà ń ka ọjọ́. Lọ́jọ́ Sátidé, ó ti di ẹrù. Ọjọ́ Sátidé náà ni wọ́n lọ sí abúlé àwọn amọ̀kòkò.

Ilẹ̀ ni wọ́n gbẹ́ tí wọ́n ń mọ ìkòkò sí, inú ihò tútù kan. Ọmọ Ìlọrin ni Mastura, ọmọ ibi tí ìkòkò ti pọ̀ débi pé ọmọdé ń fọ́ ọ kò sẹ́ni tó ń gbọ́. Ó rí Umm Alaa tó ń fi ọwọ́ pa àmù kan lára, tó ń mí kanlẹ̀, tó ń béèrè bóyá wọ́n lè kọ orúkọ ìdílé ọkọ òun sí i lára. Amọ̀kòkò náà ní òun lè ṣe é. Ó ní òun ní àmù ńlá kan tó ti gbẹ, òun á kọ ọ́ sí i, òun á gbé e sínú ààrò lálẹ́ yìí, àmọ́ wọn kì í yọ ọ́ títí iná yóò fi kú, tí ààrò yóò sì tutù fúnra rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò sán. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko.

Umm Alaa pàtẹ́wọ́. Ó ti gbé fóònù láti yí ọjọ́ bàálù padà.

"Máàmá," ni Mastura wí ní Lárúbáwá, "ìyá mi ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé."

"Ọjọ́ mẹ́wàá ló máa lò, àbí?" ni Umm Alaa dáhùn, kò tilẹ̀ gbójú sókè. "A ó ti dé kó tó lọ. Mẹ́kà ò ní sá lọ síbì kan. Ìwọ náà sinmi díẹ̀, wo òkun."

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, Mastura pe ìyá rẹ̀ tó ti wà ní pápákọ̀ òfuurufú ní Nàìjíríà. Ó ní kí ìyá má dúró de òun, kó bá àwọn tó kù ṣe Ùmúrà rẹ̀ ní kété tó bá dé, òun á wá bá a tí òun bá padà. "Àmọ̀kẹ́," ni ìyá wí, oríkì rẹ̀ ló pè é, "mo ti bá ọ ṣàdéhùn. Èmi á dúró."

Mastura rò pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Àfi lọ́jọ́ Ọjọ́rú tí Abdulrafiu pè é. Ọ̀dọ́mọkùnrin yìí ń kọ́ òfin ẹ̀sìn ní yunifásítì ní Mẹ́kà, òun ló sì ń tọ́jú àwọn tó bá ìyá wá.

"Àǹtí Mastura, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá ìyá yín sọ̀rọ̀," ló wí. "Inú bàálù ni wọ́n ti gbé haramí bí gbogbo èèyàn ṣe gbé e, wọ́n ti dá àníyàn. Gbogbo èèyàn ti ṣe Ùmúrà tán láti àná, wọ́n ti bọ́ haramí. Ìyá yín ò lọ. Wọ́n ní àwọn ò ní rí Káábà láìsí ẹ̀yin."

"Àfáà, ẹ sọ fún wọn pé kò pọn dandan."

"Mo ti fi ìwé hàn wọ́n. Wọ́n ní kí n mú ìwé mi dání, àwọn náà á mú àdéhùn àwọn dání."

Ẹni tó bá gbé haramí, ìyẹn ipò mímọ́ tí wọ́n fi ń ṣe Ùmúrà, kò gbọ́dọ̀ gé èékánná, kò gbọ́dọ̀ já irun, kò gbọ́dọ̀ fi lọ́fíńdà para, títí tí yóò fi yí Káábà po tí yóò sì rìn láàárín òkè Sọ́fà àti Mọ́ríwà. Wákàtí díẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń wà nínú rẹ̀. Ìyá tó ti lé ní àádọ́rin ọdún jókòó sínú rẹ̀ nínú yàrá òtẹ́ẹ̀lì ẹlẹ́ni mẹ́rin, ọjọ́ kẹta, ọjọ́ kẹrin, ọjọ́ kẹfà. Kò yarun kí ẹyọ kan má bàa já. Ọṣẹ olóòórùn tí wọ́n kó sí balùwẹ̀, ó ní kí wọ́n gbé e jìnnà sí òun. Àwọn tí wọ́n jọ wà nínú yàrá bẹ̀rẹ̀ sí í fi í ṣe yẹ̀yẹ́, pé òun nìkan ni Àlàájà tó wá sí Mẹ́kà láti wá wo ògiri òtẹ́ẹ̀lì. Gbogbo rẹ̀ ni Abdulrafiu ń ròyìn fún Mastura, Mastura á gbé fóònù sétí lórí iyanrìn pẹ̀lú táwẹ́ẹ̀lì mẹ́ta lápá, á máa wo obìnrin tó dúró sínú omi dé orúnkún. Ó kórìíra òkun yẹn. Ó kórìíra fìlà koríko, ìrẹsì aláìláta àti ẹnikẹ́ni tó bá ní kóun wo bí oòrùn ṣe ń wọ̀.

Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e ni wọ́n tó yọ àmù. Ó dára, kò sán. Mastura ti ń gbàdúrà kó sán.

Ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni bàálù wọn balẹ̀ sí Jẹ́dà. Ọ̀la ni bàálù ìyá yóò gbéra, ọkọ̀ tí yóò kó wọn kúrò ní Mẹ́kà yóò lọ lẹ́yìn ìrun ọ̀sán. Umm Alaa ò tíì bọ́ bàtà tó fi sọ pé òun ti pe ọ̀rẹ́ mẹ́jọ fún oúnjẹ ọ̀sán ọ̀la, kí wọ́n wá wo àwọn ọjà náà, kí wọ́n sì jẹ ìrẹsì Jẹ́bà. Mastura rán an létí ọ̀rọ̀ ìyá.

"Mú un wá síbí," ni Umm Alaa wí, inú rẹ̀ dùn gan-an. "Kó wá bá wa jẹun. Àwọn ọ̀rẹ́ mi á fẹ́ràn rẹ̀, a ó jọ ya fọ́tò."

Ẹ bá mi wò ó. Ìyá Mastura, òun náà ti di ọ̀kan nínú ọjà Jẹ́bà.

Mastura gé gbogbo ẹ̀fọ́ sílẹ̀ nírọ̀lẹ́, ó rẹ ìrẹsì, ó wẹ̀, ó gbé haramí tirẹ̀. Bó ṣe kírun àsùbáà tán, ó ṣílẹ̀kùn, ó jáde láìsọ fún ẹnikẹ́ni, ó wọ ọkọ̀ èrò tó ń lọ Mẹ́kà. Nígbà tí wọ́n dé Bàhárà, ìlú oníṣẹ́ ọwọ́ tó wà lágbedeméjì ọ̀nà, fóònù rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni Umm Alaa fi ránṣẹ́. "Níbo lo wà?" Ìkejì: "Aago kan ni àwọn àlejò mi ń dé." Ìkẹta: "Bí o bá ti lọ láìgbàṣẹ, má padà wá."

Mastura pòṣé, ó sọ fóònù sínú àpò. Nínú ọkọ̀ yẹn ló ti bú obìnrin náà tó. Ta ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀? Obìnrin tí kò lè fọ́ ẹyin láìsí èèyàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tó ń sọ pé òkun ní ọkàn. Ó ní òun ò bẹ̀rù rẹ̀, ilé ńlá pọ̀ ní Jẹ́dà. Ó mọ̀ pé irọ́ ni. Orúkọ ọkọ Umm Alaa ló gbé ìkáámà rẹ̀ dúró. Bí wọ́n bá fi orúkọ Mastura sílẹ̀ fún ìjọba pé ó sá lọ, ìwé náà ti kú nìyẹn, òun náà á máa bá Bùsírátù gba ẹ̀yìnkùlé sá fún ọlọ́pàá.

Ìyá jókòó sórí àga nísàlẹ̀ òtẹ́ẹ̀lì láàárín àwọn ẹrù tí wọ́n ti dì. Ó ti kéré ju bí Mastura ṣe rò lọ. Èékánná rẹ̀ ti gùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú díẹ̀. Mastura kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀, ẹkún ló ń sun. Ìyá gbé ojú ọmọ rẹ̀ sókè, ó wò ó dáadáa.

"Ṣé wọ́n ti wá yan ọ́ jinná báyìí?" ló wí. "O ti dúdú."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, Ìyá."

"Dìde. Mo ti jókòó tó."

Abdulrafiu ṣáájú wọn, ó ń wo aago. Bí wọ́n ṣe dé ẹnu ọ̀nà Mọ́sálásí Mímọ́, ìyá dorí kodò, ó na ọwọ́ fún Mastura, Mastura dì í mú. Òun náà dorí kodò. Ó ti rí Káábà ju ìgbà ogún lọ, ṣùgbọ́n àdéhùn ni àdéhùn. Òkúta funfun ilẹ̀ nìkan ni wọ́n ń rí, àti gìgísẹ̀ àwọn tó ń lọ níwájú, títí tí Abdulrafiu fi rọra sọ fún Mastura pé wọ́n ti dé.

"Ẹ gbójú sókè, Ìyá," ni Mastura wí.

Wọ́n jọ gbójú sókè. Ìyá ò pariwo, ètè rẹ̀ ṣáà ń mì, omi ń dà lójú rẹ̀. Mastura la ẹnu láti tọrọ ohun tó ti ń tò jọ fún ọdún mọ́kànlá: ẹ̀mí gígùn ìyá, ọkọ rere, ilé tirẹ̀ ní Ìlọrin, ọmọ. Kò sí ọ̀kankan tó jáde. Ohun tó gbọ́ tí ẹnu ara rẹ̀ ń sọ ni pé, "Ọlọ́run, má jẹ́ kí Umm Alaa lé mi. Má jẹ́ kó lé mi." Ó gbìyànjú láti yí i padà, ọ̀rọ̀ kan náà tún ni. Gbogbo ẹ̀gàn tó ti ń kó jọ láti Jẹ́bà wá, kò rí èyí tó lè gbé síwájú Ọlọ́run. Ojú tì í débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jáwọ́ nínú ọwọ́ ìyá rẹ̀.

Ìyá fi etí ìbòrí nu ojú. Ó ti pẹ́ tí ara rẹ̀ kò ti balẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

"Mo ti sọ ọ́," ló wí. "Ohun kan ṣoṣo tí mo tọ́jú náà ni. Mo ní kí Ọlọ́run yọ ọ́ kúrò nínú iṣẹ́ yìí, kó dá ọ padà wá bá mi nílé kí n tó kú. Ìwọ ńkọ́, Àmọ̀kẹ́, kí lo tọrọ?"

Mastura wo ojú ìyá rẹ̀, ó sì wo Káábà.

"Ohun kan náà ni, Ìyá."

"Àmín," ni ìyá rẹ̀ wí. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú gírígírí, wọ́n sì bọ́ sáàárín èrò láti bẹ̀rẹ̀ ìyípo àkọ́kọ́.